Ẹnubodè Ọ̀rọ̀

Ayépé, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdógbolú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kì í ṣe ìlú tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń gbé ojú kan. Bí àwọn kan ti ń jí sí Ayépé gan-an tí wọ́n sì ń ná ọjà Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń jí sí Èkó, sí Ìbàdàn, sí Lọ́ńdọ̀nù àti sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀ràn bá délẹ̀, ìbáà ṣe ìsìnkú àgbà, ìbáà ṣe owó tí a fẹ́ dá láti tún ọ̀nà ṣe, ìbáà sì ṣe aṣọ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yóò wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba, ojú kan náà ni wọ́n ti ń fikùn lukùn, ojú náà sì ni gúrúùpù WhatsApp. Nígbà kan, ènìyàn 256 péré ni gúrúùpù kan lè gbà. Ní ọdún 2022 ni wọ́n sọ ọ́ di 512, kí ọdún náà sì tó parí wọ́n ti tún sọ ọ́ di 1,024, síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá tí wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣì ń pín ara wọn sí gúrúùpù kìíní àti gúrúùpù kejì, tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ láti inú ọ̀kan sínú èkejì bí ẹni tí ń pọn omi. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ṣí lọ sórí Telegram, níbi tí àyè gbé gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá àgbà tí fóònù rẹ̀ jẹ́ oníbọ́tìnnì kò sí nínú ọ̀kankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni olórí ẹbí tí a kò lè ṣe nǹkan lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ ṣe àlàyé lé lórí nínú àròkọ yìí: èkíní ni bí a ti ń ta afárá láàárín ìkànnì ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan àti òmíràn, kí ẹni tó wà lórí ọ̀kan lè bá ẹni tó wà lórí èkejì sọ̀rọ̀ láìṣí kúrò ní ipò rẹ̀, èkejì ni bí ìlú, ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe lè ní sáfà tirẹ̀, èyíinì ni kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí ń gba ọ̀rọ̀ tí ó sì ń fi í jíṣẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ pé ojúde olójúde ni gbogbo ìpàdé wa yóò máa wà títí láé.

Ẹni tí ó bá rò pé ojúde olójúde kò ní ewu, kí ó rántí BBM, ìkànnì ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà fi owó iyebíye ra BlackBerry nítorí pé ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ wọn wà, tí wọ́n sì tì pa ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2019. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà jákèjádò ayé, ó sì di pé oníṣòwò kò rí oníbàárà rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló ń ti ilẹ̀kùn, ìjọba ni: láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de Twitter ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ti ohun tí wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ wa ṣe, ní oṣù keje ọdún 2024 ni FCCPC, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tí ó ni WhatsApp, lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń lo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sì fi ọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ìtanràn náà tọ́, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, orí WhatsApp kan náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tún ti kéde ìpàdé.

Ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ rí báyìí. Ẹni tí ń lo MTN ní Ayépé lè pe ẹni tí ń lo Glo ní Sókótó láìbèèrè irú káàdì tí ẹni náà fi sínú fóònù, ẹni tí àpótí lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Google a sì máa kọ̀wé sí ẹni tí tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ Yahoo, nítorí pé gbogbo wọn ti fohùn ṣọ̀kan lórí ìlànà kan tí kò sí ẹni tó lè sọ pé tòun nìkan ni. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ti wà fún ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ pàápàá láti oṣù kìíní ọdún 1999, nígbà tí Jeremie Miller, ọmọ Amẹ́ríkà, kéde Jabber, tí a wá ń pè ní XMPP. Orí rẹ̀ ni Google kọ́ Google Talk lé ní ọdún 2005. Ní ọdún kejì wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní sáfà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2013 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀yìn padà sí i. WhatsApp fúnra rẹ̀, ejabberd ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí í ṣe sọ́fútíwíà XMPP tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó lè ka ìpilẹ̀ rẹ̀, tí ó sì lè tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n sì ta gbogbo rẹ̀ fún Facebook ní ọdún 2014 ní bílíọ̀nù 19 dọ́là. Irú ọlọ́jà wo ni yóò wó odi bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀?

Àwa Ìjẹ̀bú, ọmọ Aláre, ọmọ Awùjalẹ̀, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹnubodè ṣàjèjì sí wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn baba wa ni wọ́n di ọ̀nà mú láàárín ọ̀sà Èkó àti ilẹ̀ òkè: ọjà Ẹ̀jìnrìn létí ọ̀sà ni oníṣòwò Èkó ń ná mọ, ará òkè kò sì gbọdọ̀ la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá dé etí omi lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ohun tó ń lọ àti ohun tó ń bọ̀ ni ó ń gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú kọjá, owó bodè sì ń wọlé bí òjò. Nígbà tí Denton, tí ó ń dele fún gómìnà Èkó, wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1891, ọwọ́ òfìfo ni ó bá padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1892 wọ́n ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú ní Èkó pé kí ọ̀nà ṣí, kí ìjọba sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó bodè. Nígbà tí àdéhùn náà kò fìdí múlẹ̀, Gómìnà Carter rán ọmọ ogun, wọ́n sì jà ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Èmi kò sọ pé òyìnbó jàre, nítorí kì í ṣe ire wa ni ó gbé e wá. Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn náà ni pé ẹni tí ń jẹ èrè ẹnubodè kì í ṣí i nítorí pé a bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó sì jẹ́ àwa ni a ń jẹ èrè náà, àwa pẹ̀lú kò ṣí i.

Lóde òní, òfin ni wọ́n fi ń ṣe ní Yúróòpù ohun tí ìbọn ṣe ní Ìmàgbọ̀n. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2022 lórí ọjà orí ẹ̀rọ ayélujára pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣọ́ ẹnubodè jẹ́ kí ìkànnì kéékèèké bá tiwọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni Meta sì kéde pé BirdyChat àti Haiket ni yóò kọ́kọ́ ní àǹfààní láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n àwọn ará Yúróòpù ni èyí wà fún. Òfin náà kò dé Ayépé, kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ayépé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́, níwọ̀n ìgbà tí Ìlú Ọba ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìṣọ̀kan wọn. Bí òfin kò bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹni, àwọn àgbà ti wí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọ̀nà mìíràn náà ni afárá, èyí tí ó sì ti gbajúmọ̀ jù lọ lónìí ni ti Matrix, ìlànà tí Matthew Hodgson àti Amandine Le Pape gbé jáde ní ọdún 2014. Kì í ṣe ohun ìṣeré àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà lásán: orí rẹ̀ ni ìjọba ilẹ̀ Faransé kọ́ Tchap lé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ogun Jámánì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú Matrix, ẹnikẹ́ni lè gbé sáfà kalẹ̀, àwọn sáfà a sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ń ṣe. Orúkọ olúkúlùkù ní apá méjì, apá tó jẹ́ tirẹ̀ àti apá tó jẹ́ ti sáfà rẹ̀, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rárá, tí ó fi jẹ́ pé bí ilé-iṣẹ́ fóònù bá gba nọ́ńbà tí o kò lò mọ́ tà fún ẹlòmíràn, kò sí ẹni tí yóò fi í wọ inú ìpàdé yín.

Báyìí ni wọ́n ń ta afárá náà. Nígbà tí sáfà bá ti dìde, a ó gba ètò afárá tí ó bá ìkànnì tí a ń fẹ́ mu. Fún WhatsApp, èyí tí Tulir Asokan, ọmọ Finland, ṣe ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó sì ti ṣe irú rẹ̀ fún Telegram, fún Signal àti fún àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Afárá yóò kọ ìwé kékeré kan tí àṣírí méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tí sáfà yóò fi dá afárá mọ̀, èkejì tí afárá yóò fi dá sáfà mọ̀. A ó fi ìwé náà han sáfà, a ó sì tún un tàn. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ni àkáǹtì WhatsApp yóò kọ̀wé sí afárá pé òun fẹ́ wọlé, afárá yóò fi àwòrán onígun mẹ́rin alámì dúdú àti funfun hàn án, yóò sì fi fóònù rẹ̀ ya á, gan-an bí ẹni tí ó fẹ́ lo WhatsApp lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ti ń ṣe. Láti ìgbà náà, ojú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni WhatsApp fi ń wo afárá. Fún gúrúùpù kọ̀ọ̀kan, afárá yóò ṣí yàrá kan lórí sáfà wa. Fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó wà nínú gúrúùpù náà, yóò dá àkáǹtì kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ onítọ̀hún, tí ó sì ń gbé àwòrán rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onítọ̀hún kò mọ ohun tí ń jẹ́ Matrix. Ìyálọ́jà á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Afárá á gbà á, á tú u, á gbé e sínú yàrá lábẹ́ orúkọ Ìyálọ́jà. Ẹni tó wà lórí Matrix á fèsì, èsì náà á sì padà sórí WhatsApp. Bí ẹni tó fèsì kò bá ní àkáǹtì WhatsApp rárá, a lè ṣètò kí afárá gba inú àkáǹtì akọ̀wé kọjá, kí ó sì fi orúkọ ẹni náà síwájú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀, àwòrán, ohùn àti èsì ń kọjá. Ìpè kì í kọjá. Fóònù tí a fi wọlé kò sì gbọdọ̀ sùn ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ láìfojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ WhatsApp yóò já okùn afárá. Ní ti bàbá àgbà olófóònù oníbọ́tìnnì, afárá àtẹ̀jíṣẹ́ a máa gba inú fóònù Android akọ̀wé kọjá, tí yóò fi lè kọ̀wé sí bàbá kí ó sì gba èsì rẹ̀ níbi kan náà tí ó ti ń kọ̀wé sí àwọn yòókù. Owó àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò wọ ọrùn akọ̀wé, ó yẹ kí ẹgbẹ́ san án padà fún un.

Nísinsìnyí, ó di dandan kí n sọ ohun tí àwọn tó fẹ́ràn afárá kì í fẹ́ sọ. Ògbufọ̀ ni afárá; kò sì sí bí ògbufọ̀ ṣe lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Láti ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń di gbogbo ọ̀rọ̀ ní àdìpa láti fóònù dé fóònù, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò lè kà á. Ṣùgbọ́n afárá gbọ́dọ̀ tú u kí ó tó tún un dì fún Matrix, láàárín títú àti dídì yìí sì ni ẹni tó ni sáfà lè rí gbogbo rẹ̀ bí ó bá fẹ́. Bí a bá sọ̀rọ̀ fún olófòófó, ajádìí agbọ̀n ló sọ ọ́ sí: afárá tí àjèjì gbé kalẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kó ọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀ gbà á. Bí a ó bá ta afárá, orí sáfà tí a mọ olùtọ́jú rẹ̀ ni kí ó wà, kí a sì sọ ọ́ ní gbangba nínú gúrúùpù kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp kò tíì gbà pé kí a tún fi ọ̀rọ̀ òun pamọ́ síbòmíràn. Àìbìkítà fún irú nǹkan báyìí ti fa ìjà rí: IRC, ìlànà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí Jarkko Oikarinen dá sílẹ̀ ní Finland ní ọdún 1988, ní afárá ńlá kan tí ó so Libera.Chat, ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì rẹ̀, pọ̀ mọ́ Matrix, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn alábòójútó Libera.Chat ṣàròyé títí tí ọ̀ràn náà kò tán, wọ́n dá a dúró ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹgbẹ́ tí kò sì ní afárá tirẹ̀ pínyà sí méjì lójijì.

Èyí tó tún kù nínú ewu rẹ̀ ni pé òfin WhatsApp kò fi àyè gba ètò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó lè ti àkáǹtì tó bá fura sí. Nítorí náà, kì í ṣe nọ́ńbà tí oníbàárà fi mọ̀ ọ́ ni kí o fi ta afárá. Ra káàdì mìíràn.

Níbo ni kí sáfà wà? Ọkàn ẹni a kọ́kọ́ fà sí ilé: kí a ra kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, kí a so ó mọ́ bátìrì àti sólà nítorí iná mànàmáná tí gbogbo wa mọ ìwà rẹ̀, kí a sì fi dátà sí i. Ìdènà tó wà níbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe iná. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù wa kì í sábà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń kó sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé o lè jáde láti inú ilé rẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta kò lè rí ilẹ̀kùn rẹ kàn. Ẹni tó bá ta kú pé Ayépé gan-an ni sáfà òun yóò wà gbọ́dọ̀ yá sáfà kékeré mìíràn níta tí yóò máa gba àlejò, kí ó sì fi sọ́fútíwíà WireGuard la ọ̀nà àbẹ́lẹ̀ láti ibẹ̀ wá sí ilé. Èyí tí ó rọrùn jù ni kí a kúkú yá gbogbo rẹ̀.

Bí a ó bá sì yá a, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a wo Èkó kí a tó wo Jámánì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Jámánì sábà máa ń pọ́ọ́kú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ni wọ́n bàjẹ́ létí Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà àti ti Gánà sì ń fà bí ìgbín, àwọn báńkì pàápàá kò mọ èyí tí wọn yóò ṣe. Ẹni tó ní sáfà ní Èkó, tí ilé-iṣẹ́ tó yá a so pọ̀ mọ́ IXPN, ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì wa ti ń pàdé láti ọdún 2006, kò ní láti gba òkun kọjá kí Ayépé tó bá Ìbàdàn sọ̀rọ̀.

Ní ti sọ́fútíwíà, Synapse ni ó dàgbà jù nínú àwọn ti Matrix, ó sì ń jẹun: kí ó tó ṣe iṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú afárá, ìrántí gígábáìtì méjì kò pọ̀ jù fún un, àyè ìpamọ́ rẹ̀ a sì máa wú sí i lójoojúmọ́. Bí ẹgbẹ́ kan kò bá nílò afárá, tí ó jẹ́ pé ibi ìpàdé tiwọn nìkan ni wọ́n ń fẹ́, èmi yóò ní kí wọ́n fi Matrix sílẹ̀, kí wọ́n lo Snikket, tí Matthew Wild fi XMPP ṣe fún ẹbí àti ẹgbẹ́ kéékèèké. Ó fúyẹ́, kò sì ní kí ènìyàn di onímọ̀ kí ó tó lò ó. Ọ̀pọ̀ olùkọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí kì í sọ èyí, nítorí pé ohun tuntun ni ó máa ń wọ ojú.

Orúkọ sáfà ni kí a fara balẹ̀ fún jù. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí a bá fi gbé Synapse kalẹ̀ kò ṣe é pààrọ̀ mọ́, orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì so mọ́ ọn, nítorí náà kí a má ṣe fi orúkọ alága tó wà lórí oyè ṣe é. Èyí tó parí sí .ng, tí àjọ NiRA ń bójú tó, bá wa mu. Ìwé ẹ̀rí tí ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé ní àdìpa kò tún ń gba owó láti ìgbà tí Let's Encrypt ti dé. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ ọ́ dọ̀tun. Kí a ti ìforúkọsílẹ̀ pa fún aráyé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn gbájúẹ̀ yóò kún ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí a máa da ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ sáfà kọ síbòmíràn lóòrèkóòrè, kí a sì dán ẹ̀dà náà wò bóyá ó lè dìde, nítorí ẹ̀dà tí a kò dán wò rí, ìrètí lásán ni.

Ohun tó ń pa irú iṣẹ́ báyìí kì í sábà ṣe ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà á gbé sáfà dìde pẹ̀lú ìtara, á rí iṣẹ́ sí Kánádà, owó ọdọọdún tí a ń san lórí orúkọ sáfà á pé, ìwé ìránnilétí á lọ sí àpótí lẹ́tà tí kò ṣí mọ́, orúkọ á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀, tí yóò lè gbé sáfà mìíràn sórí rẹ̀ kí ó sì máa fi orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀wé. Àgbàtán là á gbọ̀lẹ: ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ sáfà, kí ó yan ènìyàn méjì tí yóò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn máa gbé ilé, kí ó forúkọ sáfà sílẹ̀ ní orúkọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ní orúkọ ẹnìkan, kí ó sì kọ owó rẹ̀ sínú ìṣirò ọdọọdún, lábẹ́ owó àgọ́ àti owó onílù.